Oúnjẹ Ọwọ́ Tiwátọ́pẹ́

Tiwátọ́pẹ́ ń fi ẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn. Páànù irin kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, aṣọ funfun bò ó, kò sì rí ibi tó ń tẹ̀. Iná ti lọ. Ófùn rẹ̀ ti ń tutù. Ìyẹ̀fun tó wà nínú páànù ti wú dé etí, kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Ó fi ìgbọ̀nwọ́ kan ilẹ̀kùn tó kọ́kọ́ dé.

Ọkùnrin kan ṣí i. Ọṣẹ wà lápá rẹ̀. Ó ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì tó fẹ́ wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ajé. Adéjùwọ́n ni orúkọ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni, kò sì tíì pẹ́ tó kó dé ilé náà ní Jahi, ní Abuja. Ó wo obìnrin tó dúró níwájú rẹ̀. Ó ga. Ó dúdú, ó ń dán. Ìyẹ̀fun wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀ kan, èkejì mọ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé páànù náà sókè bíi pé ẹnì kan fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ káàsán, sà. Òkè yín ni mò ń gbé. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní gáàsì?”

“Mo ní gáàsì.”

“Ófùn ńkọ́?”

“Mi ò ní ófùn.”

Ó wo páànù náà. Ó wo ọkùnrin náà.

“Ìkòkò tó fẹ̀?”

“Ìyẹn wà. Kí la fẹ́ sè?”

“A ò fẹ́ sè é. A fẹ́ yan án. Písà ni.”

Adéjùwọ́n nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì yà lẹ́nu ọ̀nà.

Ìkòkò náà tóbi débi pé ó bo ojú iná méjèèjì. Tiwátọ́pẹ́ gbé e ka iná lófìfo, ó dojú àwo tánganran kan dé sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó gbé páànù lé e lórí, ó sì fi ọmọrí dé e.

“Ọkùnrin tó ń dá gbé,” ó ní, “kí lẹ ń fi irú ìkòkò yìí ṣe?”

“Ìyá mi ló fún mi. Ó ní nítorí ọjọ́ tí àlejò bá dé.”

“Àlejò ti dé.”

Wọ́n dúró. Láìpẹ́, òróró tó wà nísàlẹ̀ páànù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Òórùn búrẹ́dì gba ilé ìdáná. Ṣùgbọ́n nígbà tí Tiwátọ́pẹ́ ṣí ọmọrí, ìsàlẹ̀ ló ń dín, ojú rẹ̀ ṣì funfun. Ṣíìsì tó fọ́n sí i lórí kò tíì yọ́.

“Yóò jóná nísàlẹ̀ kó tó jinná lókè,” ó ní. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ti rí irú rẹ̀ rí.

Adéjùwọ́n mú abọ́ irin ògbólógbòó kan, ó sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹnu géètì, níbi tí Rísíkàt ti máa ń sun àgbàdo.

“Ẹ fún mi ní ẹyin iná díẹ̀.”

Rísíkàt gbé ojú sókè. “Ẹ̀yin náà ti fẹ́ máa sun àgbàdo? Ẹ ò ní gba oníbàárà mi o.”

“Obìnrin kan ló wà nílé mi.”

“Háà. Ẹ kó gbogbo rẹ̀.”

Ó kó ẹyin iná náà gòkè, ó dà á sórí ọmọrí ìkòkò. Tiwátọ́pẹ́ wò ó. Ìgbà yẹn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n ṣí i, ojú písà náà ti pọ́n. Ṣíìsì tó kan ara irin ti di èépá tó ń dún. Ó nípọn tó ìka méjì. Wọ́n jókòó sí bálíkónì, wọ́n fi ọwọ́ jẹ ẹ́.

“Èyí tí mo jẹ rí,” Adéjùwọ́n ní, “kò yàtọ̀ sí páálí tí wọ́n fi gbé e wá.”

“Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣe tèmi.”

“Ta ló kọ́ yín?”

“Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo bà á jẹ́ títí mo fi mọ̀ ọ́n.”

Ó sọ ọ́ láìrẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Adéjùwọ́n fẹ́ràn bó ṣe sọ ọ́. Wọ́n ti fọ páànù tán kó tó rántí bi í léèrè orúkọ rẹ̀.

Ọdún 2016 nìyẹn, nígbà òjò.

Abuja ni wọ́n ti tọ́ Tiwátọ́pẹ́. Kubwa ni àwọn òbí rẹ̀ ń gbé. Ó máa ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Tí ọ̀rọ̀ bá le, a bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì, a sì padà nígbà tó bá yá. Ilé iṣẹ́ kan tó ń gbẹ́ kànga fún àwọn abúlé ló ń bá ṣiṣẹ́. Nígbà kan, ọ̀gá yìn ín lójú gbogbo òṣìṣẹ́ fún iṣẹ́ kan tó dára. Tiwátọ́pẹ́ dìde. Ó ní Ìdáyátù, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló ṣe é. Ọ̀gá ní kó jókòó, ó ti yé òun. Kò jókòó títí wọ́n fi pàtẹ́wọ́ fún Ìdáyátù.

Irú ẹni tó jẹ́ nìyẹn. Ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, kì í gbà á. Èyí tó jẹ́ tirẹ̀, kì í jẹ́ kí wọ́n gbà á.

Adéjùwọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó máa ń mú nǹkan lọ́wọ́: tòmátì, ata rodo, kílíṣí, ẹran gbígbẹ àwọn Hausa, tí wọ́n já wẹ́wẹ́. Tiwátọ́pẹ́ a po ìyẹ̀fun pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, iyọ̀ àti yíìsì, kò ní jẹ́ kó gan, a bò ó, a sì gbàgbé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò da òróró sínú páànù, òróró tó pọ̀, kí ìsàlẹ̀ lè dín bí àkàrà.

Ní ọjọ́ kan ó ní kí Adéjùwọ́n bá òun tẹ̀ ẹ́ dé etí páànù. Adéjùwọ́n tẹ̀ ẹ́. Ìyẹ̀fun náà fà padà. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún fà padà.

“Ó ń sá fún mi.”

“Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ fi sílẹ̀ kó sinmi.”

“Ebi ń pa mí, Tiwa.”

Ó gbá a lọ́wọ́. “Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé wọn kì í fún ọ lóúnjẹ ní ọ́fíìsì ni?”

Títí di ọjọ́ náà, “ẹ̀yin” ló máa ń pè é. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ. Wọ́n dúró ti tábìlì, wọ́n ń wo ìyẹ̀fun, títí ó fi sinmi tó, tó sì gbà kí wọ́n tẹ òun dé etí.

Wọ́n máa ń rìn létí adágún Jabi lẹ́yìn ìsìn. Ibẹ̀ ni Adéjùwọ́n ti sọ tẹnu rẹ̀. Kò sọ púpọ̀.

“Mo fẹ́ kí á jọ máa gbé.”

“Òkè ni àbí ìsàlẹ̀?”

“Ibi tí páànù bá wà.”

Tiwátọ́pẹ́ wo omi. “Kò burú,” ó ní. Ó di apá rẹ̀ mú. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná.

Ìyá Adéjùwọ́n ń gbé ní Gwagwalada. Màmá Felicia ni gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń pè é. Nọ́ọ̀sì ni kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ti pẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ Okun ni wọ́n, láti ìhà Kàbà, níbi tí wọ́n ti ń fi ‘okun o’ kí ènìyàn. Nígbà tí Adéjùwọ́n sọ fún un pé òun ti rí ẹni tí òun fẹ́ fẹ́, ó gbàdúrà, ó sì sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nínú ilé wọn: kí ọmọbìnrin náà wá, kí ó se oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ fún àwọn àgbà. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, Bàbá Hezekiah, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, yóò gbàdúrà sí i lórí, wọn yóò sì mú ọjọ́ tí wọn yóò lọ bá àwọn òbí rẹ̀.

Tiwátọ́pẹ́ gbọ́ ọ, inú rẹ̀ dùn. “Màá ṣe písà. Páànù ńlá.”

Adéjùwọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á. Ó rí àwọn àgbà ilé wọn lọ́kàn rẹ̀, tí wọ́n jókòó, tí wọ́n ti fọ ọwọ́ de iyán. Gbogbo ìyàwó tó ti wọ ilé náà, iyán ni wọ́n gún. Ó pe Kúnbi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, lórí fóònù.

“Ẹ bá mi gún iyán lọ́jọ́ náà, Àǹtí mi. Ẹ ní òun ló gún un.”

“Ṣé ó mọ̀?”

“Màá sọ fún un.”

Kò sọ fún un. Ó fẹ́ sọ ọ́ nínú ọkọ̀, láti ibùdókọ̀ Jabi dé Gwagwalada. Ṣùgbọ́n Tiwátọ́pẹ́ gbé páànù lé itan, ó ń wo ojú ọ̀nà, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé, Kúnbi gba páànù náà lọ́wọ́ rẹ̀. “Lọ kí àwọn àgbà ná, ìyàwó wa. Màá gbé e síbi tó móoru.”

Tiwátọ́pẹ́ lọ sí pálọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá Hezekiah jókòó sórí àga tó ga jù. Bàbá Bùsàrí, aládùúgbò wọn tí etí rẹ̀ ti wúwo, jókòó tì í. Màmá Felicia wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Tiwátọ́pẹ́ ń ro ìyẹ̀fun rẹ̀. Ó ti tó kí ó lọ tan ófùn. Ó fẹ́ dìde.

Ni Kúnbi bá wọlé pẹ̀lú àwo iyán. Ooru ń jáde lára rẹ̀.

“Oúnjẹ ìyàwó ti dé o!”

Tiwátọ́pẹ́ rò pé wọ́n fi kún un ni, pé ti òun ṣì ń bọ̀. Àwọn àgbà fọ ọwọ́. Wọ́n jẹun. Bàbá Hezekiah gbé òkèlè mì, ó mi orí.

“Okun o, ìyàwó wa! Wọ́n ní àwọn ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Abuja ò lè gbé ọmọ odó. Ẹ wò ó. Kò ní kókó kankan.” Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí i. “Ọwọ́ tó gún èyí kò ní rọ. Oúnjẹ kò ní wọ́n nílé rẹ. Wàá gbé ọmọ jó.”

“Àmín,” ni gbogbo wọn wí.

Tiwátọ́pẹ́ wo Adéjùwọ́n. Adéjùwọ́n wo ilẹ̀.

Ó dìde. Ó tún kúnlẹ̀. Yorùbá rẹ̀ lọ́ra, ṣùgbọ́n kò bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì.

“Ẹ má bínú, sà. Èmi kọ́ ni mo gún iyán yìí. Àǹtí Kúnbi ni. Èmi, mi ò mọ iyán gún. Ẹ ṣé fún àdúrà. Àwọn ló ni ín.”

Bàbá Bùsàrí ní, “Kí ló wí?”

Tiwátọ́pẹ́ lọ sí ilé ìdáná. Páànù rẹ̀ wà lórí pèpéle, aṣọ ṣì bò ó. Ófùn tutù. Kò sí ẹni tó fẹ́ tan án láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbé páànù, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Adéjùwọ́n bá a lójú ọ̀nà, níbi tí ọkọ̀ Jabi ti ń kó èrò.

“Tiwa. Dúró. Mo fẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn rẹ ni.”

“Ta ni wọ́n fẹ́ràn? Ẹni tó gún iyán. Ìyẹn kì í ṣe èmi.”

“Nítorí ọjọ́ kan péré ni.”

“Lẹ́yìn ọjọ́ kan yẹn ńkọ́? Àǹtí Kúnbi á máa gún un fún mi títí màá fi darúgbó?” Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n omijé kò jáde. “Ojú ń tì ọ́ nítorí mi, Jùwọ́n.”

“Kò rí bẹ́ẹ̀.”

“O gbé oúnjẹ mi pamọ́.”

Tiwátọ́pẹ́ wọ ọkọ̀. Ó gbé páànù lé itan. Ìyẹ̀fun tó wà nínú rẹ̀ kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ń wú lọ, ó ń ti aṣọ sókè.

Ní pálọ̀, Bàbá Hezekiah ti fọ ọwọ́. Inú rẹ̀ kò dùn.

“Ẹ mú kí n gbàdúrà sórí irọ́,” ó ní. “Èmi. Nínú ilé àbúrò mi.” Ó mú fìlà rẹ̀. “Ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ ilé bàbá ọmọ yẹn. Àfi ọjọ́ tí mo bá jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ gan-an. Bí kò bá sí i, kò sí ìgbéyàwó.”

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Màmá Felicia pe Adéjùwọ́n.

“Ṣé mo dárúkọ iyán fún ọ?”

“Rárá, mà.”

“Kí ni mo wí?”

“Oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀.”

“Ó gbé oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ wá. Mo rí i nígbà tó ń gbé e lọ.” Ó ń kó àwo jọ. “Ìwọ lo dójú tì wá, kì í ṣe òun.”

Adéjùwọ́n padà sí Jahi. Ó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ Tiwátọ́pẹ́ lókè àjà yàrá rẹ̀ ní àárọ̀, ó ń gbọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́. Ó gòkè lọ kan ilẹ̀kùn. Nígbà àkọ́kọ́, kò ṣí. Nígbà tó tún lọ, ó ṣí i díẹ̀.

“Mi ò bínú mọ́,” ó ní. “Ṣùgbọ́n mi ò lè wọ ilé tí wọ́n ti gbọ́dọ̀ fi ẹlòmíì rọ́pò mi kí n tó lè jókòó.”

“Kí ni kí n ṣe?”

“Mi ò mọ̀. Èmi kọ́ ni mo parọ́.”

Ó ti ilẹ̀kùn. Kò fi agbára tì í.

Adéjùwọ́n ronú lórí ọ̀rọ̀ yẹn ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ Àbámẹ́ta dé, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Gwagwalada, ó sì bẹ àwọn àgbà kí wọ́n tún jókòó sí ibi tí wọ́n jókòó sí tẹ́lẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ láàárín pálọ̀.

“Èmi ni mo parọ́. Tiwátọ́pẹ́ kò mọ̀ sí i. Àǹtí Kúnbi, èmi ni mo bẹ̀ wọ́n. Tiwátọ́pẹ́ kò mọ iyán gún. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Òun náà ni mo fẹ́ fẹ́.”

“Kí ló wí?” ni Bàbá Bùsàrí wí.

“Dìde,” ni Bàbá Hezekiah wí fún Adéjùwọ́n. “Lọ sọ ọ́ sí i létí. Pariwo.”

Adéjùwọ́n dìde. Ó sún mọ́ Bàbá Bùsàrí. “Ìyàwó tí mo fẹ́ fẹ́ kò mọ iyán gún, sà!”

Wọ́n gbọ́ ọ dé ojúde. Ọmọ kan tó ń kọjá lọ dúró. Bàbá Bùsàrí mi orí.

“Ìyẹn náà lẹ ń pariwo lé lórí? Ìyàwó tèmi náà ò mọ̀ ọ́n.”

Màmá Felicia yí ojú sí ògiri kí wọ́n má bàa rí ẹ̀rín rẹ̀. Bàbá Hezekiah kò rẹ́rìn-ín. “Mo ti gbọ́,” ó ní. “Ṣùgbọ́n mi ò tíì jẹun.”

Ní ọjọ́ kejì, Màmá Felicia kò dúró gba ìkíni lẹ́yìn ìsìn. Ó wọ ọkọ̀ dé Jabi, ó wọ òmíràn dé Jahi. Iṣu kan wà nínú àpò rẹ̀. Ṣéhù tó ń ṣọ́ géètì fi èdè Hausa kí i.

“Sànnu, Màmá. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá Jùwọ́n?”

“Ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lókè rẹ̀.”

“Yauwa.” Ó gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ṣáájú.

Tiwátọ́pẹ́ ṣí ilẹ̀kùn. Ó rí i, ó kúnlẹ̀ síbẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n jókòó, ara rẹ̀ kò balẹ̀.

“Ṣé o fẹ́ omi, mà?”

Màmá Felicia wò ó. “Mo fẹ́. Gbogbo ẹni tó máa ń pè mí ní ‘o’ ti kú tán. Ó dára bí mo ṣe tún gbọ́ ọ.”

Tiwátọ́pẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. “Ẹ má bínú, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mà.”

“Gbé omi wá, ọmọ mi.”

Ó mu omi. Ó yọ iṣu, ó gbé e sórí tábìlì. “Kì í ṣe kí o gún un. Kí o dín in jẹ.” Lẹ́yìn náà ó ní, “Fi ọwọ́ rẹ hàn mí.”

Tiwátọ́pẹ́ na ọwọ́ méjèèjì. Àpá iná kékeré kan wà ní ọrùn ọwọ́ kan, ibi tí etí páànù ti jó o. Màmá Felicia fi àtàǹpàkò ra á.

“Ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ni. Wá lò ó nínú ilé ìdáná mi.”

“Mà, wọn kì í jẹ irú ohun tí mo ń ṣe.”

“Wọn ò tíì jẹ ẹ́ rí. Ìyẹn yàtọ̀.”

“Tí wọn ò bá wá fẹ́ jẹ ẹ́ ńkọ́?”

“Á jẹ́ pé àwọn ni ò jẹun.” Ó gbé ife kalẹ̀. “Èmi náà wọ ilé yẹn bí àlejò. Mi ò bẹ̀bẹ̀. Ìwọ náà ò ní bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ mi gbọ́dọ̀ bẹ̀ ọ́. Pè é.”

Kò sí ìdí láti pè é. Adéjùwọ́n ti gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó sì wà lẹ́nu ọ̀nà.

“Sọ ohun tí o sọ lánàá fún un.”

Adéjùwọ́n wo Tiwátọ́pẹ́. “Mo sọ fún wọn pé o ò mọ iyán gún. Mo sọ ọ́ fún gbogbo wọn. Bàbá Bùsàrí, mo sọ ọ́ sí wọn létí.”

“O pariwo?”

“Wọ́n gbọ́ ọ dé títì.”

Tiwátọ́pẹ́ gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín. Kò ṣeé ṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé tí kò jáde lójú ọ̀nà Gwagwalada fi wá jáde.

“Ojú tì ọ́?”

“Rárá,” ni Adéjùwọ́n wí. “Ojú kì í tì mí nítorí rẹ. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo fi ìbẹ̀rù mi dá ọ lẹ́bi. Má bínú, olólùfẹ́ mi.”

Màmá Felicia dìde, ó lọ wo ìta láti ojú fèrèsé. Ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀.

Wọ́n padà sí Gwagwalada nígbà ọ̀gìnnìtìn. Àwọn àgbà jókòó. Òtútù wà, afẹ́fẹ́ gbẹ, ìyẹ̀fun sì lọ́ra láti wú. Tiwátọ́pẹ́ dúró tì í nínú ilé ìdáná. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó fà padà. Ó tún bò ó.

Kúnbi wọlé. Láti ọjọ́ iyán yẹn, kò tíì lè wo ojú rẹ̀ dáadáa. “Wọ́n ń béèrè oúnjẹ. Kí n tan ófùn?”

“Kò tíì yá, Àǹtí mi.”

“Bàbá Hezekiah ti ń wo aago.”

“Kí wọ́n máa wò ó, mà.”

Kúnbi wò ó. Ó fa àpótí kan, ó jókòó tì í. “Kọ́ mi,” ó ní. Tiwátọ́pẹ́ fi ìka rẹ̀ hàn án ibi tí yóò tẹ̀, kó lè mọ ìgbà tí ìyẹ̀fun kò ní sá mọ́.

Ní pálọ̀, ebi ti ń pa wọ́n. Bàbá Bùsàrí béèrè bóyá wọ́n ti gbàgbé àwọn. Adéjùwọ́n dìde níwájú wọn, ó na ẹ̀yìn rẹ̀.

“Kò tíì yá, ẹ̀yin bàbá mi. Ìyàwó mi kì í kánjú sí oúnjẹ rẹ̀. Ẹ mú sùúrù.”

Ohùn rẹ̀ le. Tiwátọ́pẹ́ gbọ́ ọ láti inú ilé ìdáná. Ó gbé orí sókè.

Nígbà tó yá, ó da òróró, ó tẹ ìyẹ̀fun dé etí, ó fi ọbẹ̀ tòmátì kùn ún, ó fọ́n ṣíìsì dé ibi tí ìyẹ̀fun ti kan irin, ó to kílíṣí lé e. Ófùn gbóná gidi. Nígbà tó gbé e jáde, ó gbé e ka ojú iná fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ìsàlẹ̀ lè le dáadáa. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e. Ó fi aṣọ di etí páànù mú, ó gbé e wọ pálọ̀ fúnra rẹ̀, bó ṣe ń dún.

“Oúnjẹ ọwọ́ mi nìyí, sà.”

Ó gé e. Bàbá Hezekiah gba tirẹ̀. Ó yí i wò lókè, ó yí i wò nísàlẹ̀. Ó bù ú jẹ. Èépá rẹ̀ dún lẹ́nu rẹ̀, gbogbo wọn sì gbọ́ ọ. Ó jẹ ẹ́ tán. Ó na àwo rẹ̀ padà.

“Fi òmíì sí i.”

Tiwátọ́pẹ́ fi òmíì sí i.

“Kí ni wọ́n ń pè é?”

“Písà, sà.”

“Ó le níta, ó rọ̀ nínú.” Ó jẹ ẹ́. “Ó dà bí ẹni tó ṣe é. Wá kúnlẹ̀ síbí.”

Ó kúnlẹ̀. Adéjùwọ́n kúnlẹ̀ tì í. Bàbá Hezekiah gbé ọwọ́ tó ní òróró lé e lórí. Àdúrà náà kò gùn. Ó dárúkọ rẹ̀ ní kíkún, Tiwátọ́pẹ́, kò sì dárúkọ iyán. Wọ́n ṣe àmín. Ti Bàbá Bùsàrí pẹ́ díẹ̀ kó tó dé.

Adéjùwọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú níbi tí wọ́n kúnlẹ̀ sí. “Ṣé wàá fẹ́ mi?” ó béèrè, jẹ́ẹ́.

“Mo ti dáhùn létí omi.”

“Tún un sọ. Àwọn àgbà wà níbí.”

Tiwátọ́pẹ́ wo gbogbo wọn kó tó wò ó. “Màá fẹ́ ọ, Adéjùwọ́n.” Ó sọ ọ́ sókè, kí etí Bàbá Bùsàrí lè gbọ́.

Bàbá Hezekiah ní kí wọ́n wá ọjọ́ tí àwọn yóò lọ sí Kubwa. Wọ́n fi í sí ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e, ìgbéyàwó sì di oṣù Kẹrin, lẹ́yìn Àjíǹde. Màmá Felicia ní òun yóò bá wọn wá aṣọ. Kúnbi ń kó àwo. Ìta ti ń tutù sí i.

Èérún díẹ̀ àti òróró ló ṣẹ́ kù nínú páànù.